Ẹni Tó Wà Lórí Òrùlé

"Ẹ má mira," Ganiat sọ fún ọkọ rẹ̀. "Àfọ́kù ìgò ṣì kù níbẹ̀."

Jíbrílù jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, ó dorí kodò bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fá lórí. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọrùn bùbá rẹ̀. Kò tíì pé wákàtí kan tó kírun alásàrí tán, tó ń bọ̀ wálé, tí àwọn ọkùnrin mẹ́ta dá a dúró ní Ẹnu Ọ̀wá. Ọ̀kan pè é ní amí ọlọ́pàá. Ìkejì fọ́ ìgò mọ́ ọn lórí. Ìkẹta kò ṣe nǹkan kan, ó kàn dúró, ó ń wo ilẹ̀. Ìkẹta yìí gan-an ló dun Jíbrílù jù, nítorí ilé kéú kan náà ni wọ́n jọ lọ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré.

"Ta ni wọ́n?" Ganiat béèrè.

"N ò mọ̀ wọ́n."

"Bàbá Memunat, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lẹ ti lò ní àdúgbò yìí. Ta lẹ ò mọ̀ níbẹ̀?"

Ganiat yọ èérún ìgò kan, ó jù ú sínú abọ́ omi, ó wá fi òwú tó ti rì bọ áyódìn tẹ ojú egbò náà. Jíbrílù wa eyín pọ̀.

"Ẹ kọ ọ́ pé ọlọ́pàá lu arúgbó, ọlọ́pàá ń bínú sí yín. Ẹ kọ ọ́ pé ẹnì kan ju òkúta láti orí òrùlé, àdúgbò ń bínú sí yín. Ta ló wá kù tó máa bá yín jẹun?"

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi náà ṣì ń rò ó," Ganiat ní, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ lórí egbò náà.

Ọdún keje rèé tí Jíbrílù ti ń ṣe akọ̀ròyìn fún *Ojúmọ́ Èkó*, ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan tó wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Olówógbowó. Tẹ́lẹ̀ rí, iṣẹ́ náà kò le. Ó ń kọ̀wé nípa ẹni tó ti Mẹ́kà dé, ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, ìjà àwọn aláṣọ ní Ọjà Balógun. Àmọ́ lọ́dún yìí, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí Ọbabìnrin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá kí wa tó sì padà lọ, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n ní àwọn ilé náà ti há jù, wọ́n ní àìsàn wà níbẹ̀, kí oníkálukú kó ẹrù lọ sí Súrùlérè. Àwọn kan gbà. Àwọn tó pọ̀ jù búra pé àwọn ò ní lọ láàyè.

Bí àdúgbò ṣe di ojú ogun nìyẹn. Ọlọ́pàá dúró lápá kan pẹ̀lú kóńdó, àwọn ọ̀dọ́ dúró lápá kejì pẹ̀lú òkúta àti ìgò. Àwọn akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn olóyìnbó a máa dé láàárọ̀, wọn a sì ti padà sí Yaba kí oòrùn tó wọ̀. Òyìnbó akọ̀ròyìn kan tiẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù wá, Jíbrílù ló mú un kiri fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ọkọ̀ òfuurufú ti gbé e lọ. Ní ti Jíbrílù, ibi tó ti ń kọ ìròyìn náà ló ń sùn. Ibẹ̀ ló ti ń pọn omi. Ibẹ̀ ni wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Túsídeè kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Jíbrílù dúró nídìí ẹ̀rọ omi pẹ̀lú Mọ̀núrù, aránfìlà kan tó ti lé lógójì ọdún, tí ilé rẹ̀ dojú kọ ẹ̀rọ omi náà. Àwọn lébìrà ti gun àkàbà, wọ́n ń ṣí páànù ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Mọ̀núrù. Àwọn obìnrin pariwo, wọ́n sún mọ́ iwájú. Ọlọ́pàá kan gbé kóńdó, ó là á mọ́ èjìká Màmá Sàfúrátù, ìyá Mọ̀núrù, ẹni àádọ́rin ọdún. Mọ̀núrù fẹ́ sáré lọ bá ọlọ́pàá náà. Jíbrílù di apá rẹ̀ mú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sílẹ̀, wọ́n máa pa yín," ló ń wí nígbà tí òkúta kan fò kọjá lókè, tó bá ọ̀kan nínú àwọn lébìrà lórí. Ọkùnrin náà já bọ́ láti orí àkàbà. Kò ké.

Jíbrílù gbójú sókè. Lórí òrùlé Mọ̀núrù, ẹnì kan dojú bolẹ̀ mọ́ páànù. Sùrájù ni. Àdúgbò kan náà ni òun àti Jíbrílù ti dàgbà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtìgbà tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ̀sà. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Sùrájù yí sí ẹ̀yìn òrùlé, ó sì lọ.

Gbogbo rẹ̀ ni Jíbrílù kọ, àyàfi orúkọ. Ó kọ nípa kóńdó tó bà lé èjìká arúgbó. Ó kọ nípa lébìrà kan tó fara pa. Ó kọ ọ́ pé òkúta náà wá "láti orí òrùlé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó dojú kọ ẹ̀rọ omi". Ó rò pé òun ti ṣe é bó ṣe tọ́, torí kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Ìwé ìròyìn jáde láàárọ̀ Fúráídeè. Kí wọ́n tó pe ìrun Jímọ̀ọ̀, ọlọ́pàá ti mú Mọ̀núrù lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo ló dojú kọ ẹ̀rọ omi, ti Mọ̀núrù sì ni.

Ganiat ń di aṣọ funfun mọ́ orí Jíbrílù lọ́wọ́ nígbà tí Màmá Sàfúrátù wọ ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n fi gèlè gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn. Jíbrílù dìde kúrò lórí àpótí, ó dọ̀bálẹ̀ bó ṣe wà.

"Dìde," arúgbó náà ní. "N ò wá gba ìkíni. Ta ni ọmọ mi bá dúró nídìí ẹ̀rọ omi?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ta ló di apá rẹ̀ mú?"

"Èmi ni."

"Wọ́n ka ìwé rẹ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kí wọ́n tún un kà, bóyá etí mi ni ò gbọ́ dáadáa. O kọ ẹ̀rọ omi. O kọ òrùlé. O kọ èjìká mi. O ò kọ ọ́ síbì kankan pé Mọ̀núrù wà lọ́dọ̀ rẹ nígbà tí òkúta bọ́."

Jíbrílù kò rántí pé ó yẹ kí òun kọ ọ́. Wọ́n ti kọ́ ọ níbi iṣẹ́ pé kí akọ̀ròyìn má fi ara rẹ̀ sínú ìròyìn, nítorí náà, nígbà tó yọ ara rẹ̀ kúrò, ó yọ Mọ̀núrù mọ́ ọn.

"Màmá, ẹ dárí jì mí."

"Nígbà tí ọmọ mi bá wálé," ó ní, ó sì yíjú padà.

Lọ́jọ́ Sátidé, Jíbrílù lọ sílé ìwòsàn. Lébìrà náà dùbúlẹ̀ nídìí fèrèsé, wọ́n fi báńdéèjì wé orí rẹ̀ títí dé ojú kan. Ó tó ẹni ogójì ọdún. Jíbrílù kí i, ó sọ ẹni tóun jẹ́.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé lébìrà kan fara pa?" ọkùnrin náà béèrè. "Èmi ni lébìrà kan yẹn. Ṣàíbù lorúkọ mi. Ará Ìkòròdú ni mí."

"Ẹ má bínú. N kò mọ orúkọ yín lọ́jọ́ náà."

"Kò sẹ́ni tó béèrè. Ọ̀gá ní kí n ṣí páànù, mo ń ṣí páànù. N ò mọ ẹni tó nilé." Ó sinmi díẹ̀ kó tó tún sọ̀rọ̀. "Wọ́n ní wọ́n ti mú ẹni tó jù ú."

"Wọ́n mú ẹnì kan. Kì í ṣe òun."

Ṣàíbù fi ojú kan tí báńdéèjì kò bò wò ó. "Bí ẹ bá mọ ẹni tí kì í ṣe, ẹ mọ ẹni tó jẹ́."

Ṣàíbù rọra kọjú sí ògiri.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Jíbrílù gun òkè lọ bá olóòtú wọn, Ọ̀gbẹ́ni Reginald Harding. Ọmọ Olówógbowó ni ọkùnrin yìí, láti Sàró ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ìjọba sì ti gbé e lọ sí kóòtù lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ohun tó kọ. Ó wo báńdéèjì orí Jíbrílù, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní kó jókòó.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá kan wá síbí. Ó ní kí n fún òun ní ìwé tó o fi ń ṣe àkọsílẹ̀. Mo ní kò sí lọ́wọ́ mi. Ṣé o kọ orúkọ ẹni náà sínú rẹ̀?"

"Rárá, sà. Orí mi ló wà."

"Jẹ́ kó máa wà níbẹ̀. Gbọ́ mi, Jíbrílù. Lọ́jọ́ tí akọ̀ròyìn bá fún ọlọ́pàá lórúkọ kan, kò sẹ́ni tó máa tún la ẹnu bá a sọ̀rọ̀ mọ́ ní Èkó yìí. Kì í ṣe ìwọ nìkan. Gbogbo wa ni."

"Mọ̀núrù ńkọ́, sà? Ìwé mi ló gbé e síbẹ̀."

"Wọ́n máa wá lọ́yà fún un."

"Lọ́yà kò dúró nídìí ẹ̀rọ omi. Èmi ni mo dúró níbẹ̀. Bí mo bá lọ búra pé ọ̀dọ̀ mi ló wà, wọ́n gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀."

"Wọ́n á tú u sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á bi ọ́ pé, ta wá ni? Bí o bá dákẹ́, ẹ̀wọ̀n ni. Bí o bá sì sọ ọ́, àwọn tó fọ́ ìgò mọ́ ọ lórí máa padà wá, kì í ṣe ìgò ni wọ́n máa mú bọ̀." Harding nu awò ojú rẹ̀, ó tún un nù. "Mo ní àbúrò kan ní Ìbàdàn. Kó ìyàwó àti ọmọ rẹ, ẹ lọ gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún oṣù méjì."

"Bí mo bá lọ, ta ló máa kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó?"

Ọkùnrin náà fi awò ojú rẹ̀ sójú padà. "Kò sẹ́nì kankan," ó ní.

Láti ibẹ̀, Jíbrílù gba Èbúté Èrò lọ. Ó bá Sùrájù lẹ́bàá omi, níbi tó ti ń bá wọn já àpò gààrí láti inú ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí Sùrájù rí i, ó gbé àpò èjìká rẹ̀ sílẹ̀, ó gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára.

"Mo gbọ́ pé wọ́n lù ọ́," ó ní. "Mi ò rán wọn."

"Mo mọ̀."

"Mo fẹ́ pa wọ́n nígbà tí mo gbọ́."

"Mọ̀núrù ti lo ọjọ́ mẹ́rin látìmọ́lé, Sùrájù."

Sùrájù wo omi. Ẹni gíga ni, ṣùgbọ́n ó rí bí ẹni tó ti sún kì. "Ilé tí wọ́n ń ṣí páànù rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ilé wa ni. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. Inú yàrá àkọ́kọ́ ni wọ́n sin bàbá bàbá mi sí. Mo lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ hú u. Wọ́n ní ká kọ lẹ́tà. A kọ lẹ́tà. Kò sẹ́ni tó fèsì. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí ilé náà, Jíbrílù. Mi ò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni."

"Ọkùnrin tó o sọ lókùúta, Ṣàíbù lorúkọ rẹ̀. Kò tíì kú. Ojú rẹ̀ kan lè fọ́."

Sùrájù fi ọwọ́ bo ẹnu.

"N kò ní dárúkọ rẹ," Jíbrílù ní. "Bí wọ́n bá tì mí mọ́lé, n kò ní dárúkọ rẹ. Ṣùgbọ́n lọ́la, mo máa lọ sọ pé Mọ̀núrù kọ́, n kò sì ní sọ pé mi ò rí nǹkan kan. Bí ìwọ fúnra rẹ bá fẹ́ wá, wá."

"Mo ní ọmọ mẹ́rin."

"Mọ̀núrù ní márùn-ún."

Ẹnì kan pe Sùrájù láti inú ọkọ̀ pé iṣẹ́ ń dúró dè é. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àpò náà padà sí èjìká, ó sì lọ láìsọ bóyá ó máa wá tàbí kò ní wá.

Nígbà tí Jíbrílù sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún Ganiat, obìnrin náà kò sunkún. Ó béèrè pé, "Orúkọ Sùrájù tẹ́ ẹ ń pa mọ́ yìí, ṣé torí iṣẹ́ yín ni, àbí torí pé ọ̀rẹ́ yín ni?"

"N ò mọ̀," Jíbrílù ní. "Mo ti bi ara mi. N ò mọ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ ṣe sọ òótọ́," Ganiat ní. Ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ aṣọ tí ọkọ rẹ̀ máa wọ̀ lọ sí kóòtù.

Nínú kóòtù, Jíbrílù fi Kùránì búra. Ó sọ ibi tó dúró sí, ó sọ ibi tí Mọ̀núrù dúró sí, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hàn wọ́n bó ṣe di apá rẹ̀ mú. Mọ̀núrù wà nínú àgọ́ ẹlẹ́jọ́, ó ti rù, kò gbé ojú sókè. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń rojọ́ náà dìde. Ohùn ọ̀wọ̀ ló kọ́kọ́ fi bá Jíbrílù sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni akọ̀ròyìn, ẹ wòkè lẹ́yìn tí òkúta bọ́?"

"Mo wòkè."

"Ẹ rí ẹnì kan?"

"Mo rí ẹnì kan."

"Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Ní ẹ̀yìn, láàárín àwọn ará Ẹnu Ọ̀wá, Jíbrílù rí ọkùnrin tó fọ́ ìgò mọ́ ọn lórí. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Sùrájù kò sí níbẹ̀.

"Ta ni?"

"N kò ní sọ, sà."

"Ọkùnrin kan wà nílé ìwòsàn tí ojú rẹ̀ fẹ́ fọ́, o ní o ò ní sọ? Ọlọ́pàá lo rò pé ò ń bá ṣeré?"

"Mo mọ orúkọ ọkùnrin tó wà nílé ìwòsàn náà. Ṣàíbù ni. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dárí jì mí. N kò ní sọ."

Adájọ́ bi í lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó ní kí wọ́n tú Mọ̀núrù sílẹ̀, kí wọ́n sì mú Jíbrílù lọ sẹ́wọ̀n oṣù kan nítorí pé kò bọ̀wọ̀ fún kóòtù.

Jíbrílù kò fẹ́ràn láti sọ̀rọ̀ nípa oṣù náà lẹ́yìn ìgbà náà. Wọ́n kò lù ú. Òkúta ni wọ́n ní kó máa fọ́, àti àárọ̀ àti ọ̀sán. Ganiat ń wá kí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun ló sì sọ fún un pé Sùrájù ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Àkúrá ní ilẹ̀ òkèèrè, pé Ṣàíbù ti kúrò nílé ìwòsàn, pé ojú kan ló kù fún un. Ó sọ gbogbo ìyẹn, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò sọ.

Ọjọ́ kejì tí wọ́n dá a sílẹ̀ ló tó fojú ara rẹ̀ rí i. Ó rìn gba Ẹnu Ọ̀wá, àwọn kan kí i, àwọn kan wọlé nígbà tí wọ́n rí i. Nígbà tó yà sí ọ̀nà ẹ̀rọ omi, ìmọ́lẹ̀ bá a lójú. Ibi tí òjìji máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́ ti di gbangba. Ilé Sùrájù kò sí mọ́. Ilé Mọ̀núrù kò sí mọ́. Ogún ilé, bóyá ọgbọ̀n, gbogbo rẹ̀ ti di ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó kù ẹ̀rọ omi nìkan tó ń kán sílẹ̀.

Ó ti wo gbogbo ìwé ìròyìn oṣù náà ní ọ́fíìsì. Ìlà méjì péré ló wà nínú ọ̀kan, tó ní iṣẹ́ wíwó ilé ń lọ dáadáa. Harding kò rí ẹni rán. Ta ló fẹ́ wá?

Ọkùnrin kan jókòó lórí bíríkì láàárín gbangba náà. Mọ̀núrù ni.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n."

"Wọ́n ti dá ọ sílẹ̀."

"Láti àná."

Mọ̀núrù mi orí. "Ìyá mi ní bí mo bá rí ọ, kí n má kí ọ."

"Ṣé ara wọn dá?"

"Wọ́n wà ní Súrùlérè. Wọn kì í jáde. Wọ́n ní àwọn ò mọ ẹni tó wà nílé kejì." Ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kan, ó jù ú nù. "Lójoojúmọ́ ni mo ń wá síbí. Kò síṣẹ́ tí mo ń ṣe níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n wó o, ta ló kọ ọ́?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Mo rò bẹ́ẹ̀." Ó dìde. "N ò mọ̀wé kọ, ṣùgbọ́n mo rí gbogbo rẹ̀, láti orí páànù àkọ́kọ́. Mo rí ọ̀nà tí wọ́n gbà gbé ìyá mi jáde lórí àga. O ní bírò?"

Jíbrílù ní bírò. Ó ní ìwé pẹ̀lú. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò tètè wọ àpò. "Wọ́n máa béèrè ẹni tó sọ ọ́ fún mi, ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́pàá máa béèrè, àwọn ará ibí náà máa béèrè. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ pé ẹnì kan ló sọ ọ́."

"Má kọ ẹnì kan. Kọ Mọ̀núrù aránfìlà. Wọ́n ti tì mí mọ́lé, wọ́n sì ti wó ilé mi. Kí ló tún kù tí wọ́n máa fi dẹ́rù bà mí?"

Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ Jíbrílù bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ń gba ibì kan, ó ń yẹ ibì kan, bí ẹni pé àwọn ògiri ṣì wà ní ìdúró. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dúró, ó na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ Jíbrílù.

"Yàrá ìyá mi lo dúró sí yẹn," ó ní. "A kì í wọ bàtà wọ ibẹ̀."

Jíbrílù bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ilẹ̀ náà gbóná lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ṣí ìwé, ó kọ Mọ̀núrù aránfìlà sókè, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó sì ní, "Mò ń gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n."